Ìjì Ààjà Kò Mọ Ẹnubodè: Ta Ló Yẹ Kó Kìlọ̀ fún Ta ní Yúróòpù?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjì kan gbéra ní àríwá Ọ́stríà. Yìnyín tó dà sílẹ̀ ní abúlé Schrattenberg kì í ṣe kékeré: ó lu òrùlé já, ó sì fọ́ gíláàsì mọ́tò. Ìjì yìí kan náà sọdá ẹnubodè bọ́ sí ilẹ̀ Czech, ibẹ̀ ló sì ti di ààjà, ìjì tó ń yí bírípé-bírípé tí ayé mọ̀ sí tornado. Ó gba Hrušky kọjá, ó dé Moravská Nová Ves, ó dé Mikulčice àti Lužice, ó sì gbá ẹ̀gbẹ́ ìlú Hodonín. Ọ̀nà tó rìn ju kìlómítà 25 lọ. Ènìyàn 6 ló kú, àwọn tó fara pa lé ní 500, ilé tó bàjẹ́ sì lé ní 1,200. Odò Morava nìkan ló la Hodonín àti Slovakia láàárín. Lọ́jọ́ kan náà, ní gúúsù Póláǹdì, ààjà mìíràn ṣí òrùlé ilé ní abúlé Librantowa.

Bí irú ìròyìn báyìí bá jáde, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á ka òkú tirẹ̀, oníròyìn kọ̀ọ̀kan á sọ ti apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn láti òkèèrè á rò pé ìjì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jà, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ kan náà ló bí gbogbo wọn. Èmi gbà pé agbára afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló ń pa ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkìlọ̀ tó dúró sí ẹnubodè nígbà tí afẹ́fẹ́ ń kọjá lọ wà lára rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí kò dárúkọ ohun tó ń bọ̀ náà wà lára rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ ká padà sẹ́yìn sí ọdún 1967.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún náà (ọjọ́ àti oṣù kan náà pẹ̀lú ti Czech, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni), ojú ọjọ́ gbóná janjan ní àríwá Faransé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ti wá láti apá Sípéènì, ó sì ti gba orí ilẹ̀ náà kan. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ fi máa lẹ́, ààjà ti jà ní oríṣiríṣi ibi. Èyí tó burú jù kọ lu Palluel, abúlé kékeré kan ní agbègbè Pas-de-Calais. Ènìyàn 6 kú sí ọ̀nà tó gbà. Nígbà tó yá, tí àwọn onímọ̀ wo ìparun rẹ̀, wọ́n fi í sí ipele karùn-ún nínú ìwọ̀n tí ọ̀jọ̀gbọ́n Ted Fujita gbé kalẹ̀ ní 1971, kò sì sí ipele tó ga ju ìyẹn lọ. Ní Pommereuil, tí òun náà wà ní àríwá Faransé, ènìyàn 2 kú, bíi 50 sì fara pa.

Ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Afẹ́fẹ́ tó fa gbogbo èyí kò tíì lọ, ńṣe ló ń ṣí lọ sí apá àríwá ìlà oòrùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kan Bẹ́ljíọ̀mù. Ìlú Oostmalle, ní agbègbè Antwerp, ni ààjà já lé lórí. Ilé tó bàjẹ́ níbẹ̀ lé ní 400, ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wó, ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó fara pa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú. Lẹ́yìn náà ló kan Nẹ́dálándì. Ní Chaam, tí kò jìnnà sí ẹnubodè Bẹ́ljíọ̀mù, ààjà bá àwọn tó wá lo ìsinmi wọn nínú àgọ́, ó pa ènìyàn 2. Ó tún jà ní Tricht, abúlé kan ní agbègbè Gelderland, ó wó ilé palẹ̀, ó sì pa ènìyàn 5. Ọjọ́ méjì, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, òkú 15.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Nẹ́dálándì, ní àjọ KNMI, ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Faransé lánàá. Wọ́n wo àwòrán ojú ọjọ́ tiwọn, wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ kan náà ló ń bọ̀, wọ́n sì fi í sínú ìkéde ọjọ́ Àìkú pé ààjà lè jà. Láyé ìgbà yẹn, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ìròyìn láti ìlú ẹlòmíràn ló la ojú wọn. Bí Faransé kò bá ní ẹni tó sọ̀rọ̀ síta, bóyá ni wọn ì bá fi ọkàn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni ìkéde orí rédíò fẹ́ gbà dé etí ẹni tó na àgọ́ sínú oko ní ọjọ́ Àìkú? Ìmọ̀ dé ọ́fíìsì, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀. Ìṣòro yìí gan-an ni Yúróòpù ṣì ń bá yí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irinṣẹ́ ti yàtọ̀.

Báwo ni ààjà ṣe ń wáyé ná? Afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kí ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó wà lókè gbọ́dọ̀ tutù kó sì gbẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, nítorí náà ó máa ń wá ọ̀nà àtigòkè. Bó ṣe ń gòkè, ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń di ìkùukùu, ooru ń tú jáde láti inú ìyípadà yẹn, ooru náà á sì tún tì í sókè sí i. Títí dé ibí, òjò àrá lásán ni à ń sọ, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn ni ìyàtọ̀ tó wà nínú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ nísàlẹ̀ àti lókè. Nísàlẹ̀, ó lè máa fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láti gúúsù. Ní kìlómítà mélòó kan sókè, ó ń sáré bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Ẹ wo bí ẹni tó ń se ewédú ṣe ń yí ìjábẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ kan ń lọ síwájú, èkejì ń bọ̀ wá sẹ́yìn, ìjábẹ̀ tó wà láàárín ń yí. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìpele méjèèjì ṣe ń yí, àmọ́ ní ìdùbúlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè bá gbá a mú, á gbé e nàró. Odidi ìjì á wá máa yí lójú òfuurufú. Bí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá fún pọ̀, bó ṣe ń tín-ín-rín sí i ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìgbà tó bá fi kan ilẹ̀ la ń pè é ní ààjà.

Púpọ̀ nínú àwọn ìjì tó ń yí bẹ́ẹ̀ kì í kan ilẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fi le. Ní àárọ̀, onímọ̀ lè sọ pé agbègbè báyìí wà nínú ewu. Kò sí ẹni tó lè sọ ní àárọ̀ pé abúlé báyìí ni yóò kọ lù. Ìgbà tí ẹ̀rọ rédà bá fi ojú rí i pé ìjì ń yí, tàbí tí ẹnì kan bá fi ojú ara rẹ̀ rí i, ìṣẹ́jú ló kù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Amẹ́ríkà nìkan ni ààjà ń jà. Lóòótọ́, kò sí ibi tó ń jà tó tibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ń gòkè láti inú òkun gúúsù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè ńlá ìwọ̀ oòrùn, kò sì sí òkè kankan tó dábùú láti là wọ́n. Ní ọjọ́ 3 sí 4 oṣù kẹrin ọdún 1974, ààjà 148 ló jà láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 ní ìpínlẹ̀ 13, wọ́n sì pa ènìyàn tó lé ní 300. Kódà lọ́jọ́ yẹn, ẹnubodè kò dá a dúró: ó pa ènìyàn ní ìlú Windsor, ní Kánádà, lódìkejì odò sí Detroit.

Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀. Láti ìparí ọdún 1800 sí nǹkan, àwọn aláṣẹ ojú ọjọ́ níbẹ̀ kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa fi orúkọ náà, tornado, sínú ìkéde. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìpayà á ṣe ènìyàn ní jàǹbá ju ìjì lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1948, ààjà ba ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ ní ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Tinker, ní Oklahoma. Àwọn ọ̀gá ológun méjì, Ernest Fawbush àti Robert Miller, jókòó ti àwòrán ojú ọjọ́ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, wọ́n rí i pé ojú ọjọ́ tún ti fẹ́ rí bákan náà, wọ́n kéde pé ààjà lè padà wá, ó sì wá lóòótọ́, ní ibùdó kan náà. Wọ́n ti kó ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n lè kó pa mọ́ kó tó dé. Ní 1950 ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ wá là á mọ́lẹ̀ pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé ètò ró díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Norman, Oklahoma, tó ń ṣọ́ odidi orílẹ̀-èdè, tó sì ń kéde pé agbègbè kan ní láti wà lójúfò. Ọ́fíìsì ojú ọjọ́ tó wà ládùúgbò ló ń sọ pé ó ti dé tán, ẹ sá pamọ́. Láàárín ìkìlọ̀ kejì yìí àti ìgbà tí ààjà bá dé, ìṣẹ́jú bíi 10 ló sábà máa ń wà. Ẹni tó bá mọ ibi tó máa sá sí, ìṣẹ́jú 10 tó o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, kò tó.

Ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1989, ààjà kan jà ní Daulatpur àti Saturia, ní Bàǹgládẹ́ṣì. Àwọn tó kú tó nǹkan bíi 1,300. Kò tíì sí ààjà mìíràn tí a mọ̀ tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ilé ibẹ̀ kò lágbára, ènìyàn pọ̀ lórí ilẹ̀ kékeré, ìkìlọ̀ kò sí. Ìjì irú èyí sábà máa ń gbéra láti ilẹ̀ Íńdíà kó tó sọdá sí Bàǹgládẹ́ṣì nígbà ooru oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Ẹni tó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn ti máa ń rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ìlà oòrùn. Bí a bá gbé òkú 1,300 yìí sí ẹ̀gbẹ́ òkú 6 ti Czech, a ó rí i pé ilé àti ìkìlọ̀ ló ń pinnu iye ẹni tó ń kú, ju bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó lọ.

Ní Czech lọ́dún 2021, ìkìlọ̀ ìjì líle wà nílẹ̀. Àwọn ènìyàn gbọ́ pé òjò àti yìnyín ń bọ̀. Ohun tí wọn kò gbọ́ ni pé ààjà lè jà. Ìyàtọ̀ ńlá wà nínú kí a sọ pé kí ènìyàn gbé mọ́tò rẹ̀ sábẹ́ òrùlé àti kí a sọ pé kí òun gan-an wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ààjà náà lo nǹkan bí ìdajì wákàtí lórí ilẹ̀. Nígbà tó ti wó ilé ní Hrušky, ẹni tó wà ní Lužice ṣì ní ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀nà àtisọ fún un lójú ẹsẹ̀, ó lè sá pamọ́. Ìgbà tí ìjì ti lọ tán ni ọkọ̀ aláìsàn láti Ọ́stríà àti àwọn panápaná láti Slovakia wá sọdá wá ṣèrànwọ́. Mo yìn wọ́n, wọ́n ṣe ohun tí aládùúgbò ń ṣe. Ó ṣì ń dùn mí pé ìrànwọ́ mọ ọ̀nà ẹnubodè ju ìkìlọ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Yúróòpù ti ń gbìyànjú láti máa sọ fún ara wọn. Láti 2007 ni wọ́n ti ní Meteoalarm, níbi tí àjọ ojú ọjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 30 ń kó ìkìlọ̀ wọn sí lójú kan, tí àwọ̀ ewé, ìyeyè, ọsàn àti pupa ń fi bí ewu ṣe tó hàn. Ẹni tó wà ní ẹnubodè lè wo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ti aládùúgbò pọ̀. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ìgbà tó máa pa àwọ̀ dà, díẹ̀ nínú wọn ló sì ní ìkìlọ̀ tó jẹ́ ti ààjà gan-an. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i pé odò kékeré kan ló wà láàárín, àwọ̀ ọsàn wà lápá ibí, ìyeyè lápá ọ̀hún, lábẹ́ ìkùukùu kan ṣoṣo.

Fóònù ni ìtẹ̀síwájú tó tóbi jù. Òfin kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2018 ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó lè gbà fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù aráàlú, ó sì fún wọn di oṣù kẹfà ọdún 2022. Nẹ́dálándì ti ní tirẹ̀ láti 2012. Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 2022, Jámánì ní 2023, lẹ́yìn tí omíyalé oṣù keje ọdún 2021 ti pa ènìyàn tó lé ní 180 níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ju ọ̀rọ̀ náà sí gbogbo fóònù tó wà lágbègbè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò nílò nọ́ńbà yín. Àlejò tó dé ní àárọ̀ yìí á gbà á, awakọ̀ tó ń kọjá lọ á gbà á, fóònù á sì han gooro bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti pa ohùn rẹ̀. Ká ní irú èyí wà ní Chaam ní 1967, àwọn tó wà nínú àgọ́ á gbọ́. Àmọ́ aláṣẹ kan ṣì gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú. Ọ́fíìsì tó nílò ìwé àṣẹ mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀ kò lè bá ààjà sáré.

Àwọn onímọ̀ tó wà ní àjọ ESSL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 2006, ń ṣe iṣẹ́ tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn ìjọba fi owó tì. Wọ́n ń kó ìròyìn gbogbo ààjà àti yìnyín ní Yúróòpù jọ sójú kan, láìka ẹnubodè sí. Lẹ́yìn ti Czech, àwọn onímọ̀ rìn láti ilé dé ilé. Wọ́n wò ó bóyá bíríkì ni wọ́n fi mọ ògiri, bí wọ́n ṣe de òrùlé mọ́ ọn, apá ibo ni igi wó sí. Wọ́n fi ààjà náà sí ipele kẹrin. Irú iṣẹ́ yìí ló mú kí wọ́n gbé ìwọ̀n tuntun jáde ní 2023, èyí tó bá ilé Yúróòpù mu, nítorí ilé onípákó ti Amẹ́ríkà ni ìwọ̀n Fujita fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ṣé ojú ọjọ́ ayé tó ń gbóná sí i ló fà á? Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì rọrùn. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná sí i ní ìwọ̀n kan lórí Celsius lè gba ọ̀rinrin bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún sí i, ìyẹn sì ń fún ìjì ní agbára. Ṣùgbọ́n ààjà nílò ìyàtọ̀ nínú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ nísàlẹ̀ àti lókè pẹ̀lú, ìyẹn kò sì fi dandan pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ àgbáyé kò tíì fọwọ́ sọ̀yà lórí ti ààjà bí wọ́n ṣe ń sọ ti ooru àti òjò ńlá. Ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ ọ́n tán, ẹ má tètè gbà á gbọ́.

Nílé wa ńkọ́? Ìjì tó ń ṣí òrùlé nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, èyí tí gbogbo wa mọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ààjà. Ìlà ìjì gígùn ni, tó ń rìn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì máa ń ti iwájú tì wá gbọọrọ ni, kì í yí. Ṣùgbọ́n òun náà kò mọ ẹnubodè. Ìlà kan náà lè kọjá lórí Nàìjíríà, kó kọjá ní Benin, kó dé Togo àti Ghana. Ẹni tó wà ní Cotonou lè jàǹfààní bí ẹni tó wà ní Èkó bá sọ ohun tó rí.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ ààjà gan-an kàn jù nínú wa ni àwọn tó wà ní Houston, Dallas àti Atlanta. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù náà kò yọ sílẹ̀: ní oṣù kejìlá ọdún 2006, ààjà ba ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún jẹ́ ní Kensal Rise. Bí ìkìlọ̀ bá dé, ẹ má lọ dúró sójú fèrèsé láti ya fídíò. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ wá yàrá tí kò ní fèrèsé ní àárín gbùngbùn ilé, nísàlẹ̀ pátápátá, bí ilé ìwẹ̀ tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn, kí ẹ fi ọwọ́ bo orí. Ilé tí wọ́n fi ọkọ̀ fà wá kò ṣeé dúró sí. Abẹ́ afárá kò ṣeé sá sí, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń le sí i níbi tó bá ti fún. Bó bá jẹ́ pé òru ni ìjì máa ń bá yín, ẹ má gbé fóònù jìnnà síbi tí ẹ sùn sí, ẹ sì wò ó bóyá ìkìlọ̀ pàjáwìrì ṣì wà ní títàn nínú rẹ̀, nítorí àwọn kan ti pa á nítorí ariwo rẹ̀. Àwọn òbí tó wá kí ọmọ láti ilé, tí wọn kò lóye ohun tí fóònù ń ké, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yàrá náà hàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé.